Rọ́bà Abẹ́ Ọkọ̀ Tí Ó Tètè Kú: Ẹ̀bi Ta Ni?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin onímọ́tò àti mẹkáníìkì rẹ̀. Olùkọ́ kan ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ti lé ní ogún ọdún. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó-kó-kó nígbàkúùgbà tí ó bá bọ́ sí kòtò. Mẹkáníìkì wo abẹ́ rẹ̀, ó ní búṣì ti kú. Olùkọ́ ra búṣì tuntun, wọ́n fi í sí i, ariwo sì lọ. Ṣùgbọ́n kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí kó-kó-kó náà fi padà dé. Onímọ́tò ní mẹkáníìkì kò mọṣẹ́. Mẹkáníìkì ní ayédèrú ọjà ni wọ́n tà fún àwọn. Ẹni tí ó ta ọjà ní kò sí ohun tí ó ṣe rọ́bà òun, ojú ọ̀nà tí ó kún fún kòtò ni kí wọ́n lọ bá wíjọ́.

Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ó ti wù kí ó rí, ohun kẹrin wà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í sábà mẹ́nu bà, èyí náà ni ipò tí ọkọ̀ wà nígbà tí wọ́n de bóòtì búṣì náà pa. Kí ẹjọ́ yìí tó ṣe é dá, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yé ènìyàn ohun tí àwọn rọ́bà wọ̀nyí jẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ohun tí ń pa wọ́n, àti bí ó ti tọ́ kí wọ́n pààrọ̀ wọn.

Rọ́bà láàrin irin àti irin

Àkójọpọ̀ irin ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, irin kò sì gbọdọ̀ máa gbá irin. Níbikíbi tí irin méjì bá ti pàdé, tí ọ̀kan nínú wọn sì ń mì tàbí tí ó ń lọ sókè sódò, àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ máa ń fi ohun rírọ̀ sí àárín wọn. Oríṣi méjì ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Èkínní ni ìjókòó ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ẹ́ńjìnnì síìtì. Gíábọ́ọ̀sì náà ní tirẹ̀. Èkejì ni búṣì, èyí tí ó wà ní ìdí àwọn apá irin tí ó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ ara ọkọ̀.

Iṣẹ́ ìjókòó ẹ́ńjìnnì ju kí ó kàn gbé ẹrù lọ. Ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin máa ń tanná lẹ́ẹ̀mejì ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá yí po. Bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń yí ní ìgbà 800 láàrin ìṣẹ́jú kan, a jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì náà ń mi ara rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 27 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Rọ́bà ìjókòó yìí ni ó ń gba ìmìtìtì náà sí ara, tí kò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó nínú ọkọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí awakọ̀ bá tẹná mọ́tò, agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ sí iwájú ni ó fi ń gbìyànjú láti yí ara tirẹ̀ sí òdìkejì. Ìjókòó yìí kan náà ni ó ń dá a dúró sí àyè rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ní ìtàn. Ní ọdún 1839, Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, rí i pé bí wọ́n bá fi ìmí-ọjọ́ sí rọ́bà tí wọ́n sì fi iná sè é, rọ́bà náà kò ní í yọ́ nínú ooru mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í gan nínú òtútù. Orúkọ Vulcan, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ tí àwọn ará Róòmù ń bọ láyé àtijọ́, ẹni tí ènìyàn lè fi wé Ògún nílẹ̀ Yorùbá, ni wọ́n fi sọ iṣẹ́ náà. Láti ibẹ̀ ni orúkọ fọkanáísà, tí gbogbo ènìyàn ń pe ẹni tí ń lẹ táyà, ti wá. Ní ọdún 1931, ilé-iṣẹ́ Chrysler ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ Plymouth kan jáde, tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lé orí rọ́bà lọ́nà tí ó fi lè máa mì fúnra rẹ̀ láìmi ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ Citroën ti ilẹ̀ Faransé gba àṣẹ láti lo ọgbọ́n náà, ní ọdún 1932 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ẹyẹ kan tí ó léfòó lójú omi sí ara ọkọ̀ wọn nígbà náà kí àwọn oníbàárà lè mọ̀.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1975, rọ́bà ti di ara ohun tí ọkọ̀ kò lè ṣe aláìní. Ṣùgbọ́n ipò tí ẹ́ńjìnnì wà kò rí bákan náà nínú gbogbo ọkọ̀. Nínú Peugeot 504, ẹ́ńjìnnì nà láti iwájú sí ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó sì ń yí. Nínú Volkswagen tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìjàpá, ẹ̀yìn pátápátá ni ẹ́ńjìnnì wà, ara gíábọ́ọ̀sì ni wọ́n sì so ó mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó dé lẹ́yìn wọn, bí irú Toyota Corolla tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ń fà á, ẹ́ńjìnnì dábùú ni. Ẹ́ńjìnnì tí ó nà gbọọrọ máa ń fì sí ọ̀tún àti òsì bí awakọ̀ bá tẹná. Èyí tí ó dábùú máa ń fì sí iwájú àti ẹ̀yìn. Nítorí náà, mẹkáníìkì tí kò bá kọ́kọ́ wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe dùbúlẹ̀ kò lè mọ èwo nínú àwọn ìjókòó náà ni ìyà ń jẹ jù.

Búṣì kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo

Ọ̀nà méjì ni búṣì pín sí, àìmọ ìyàtọ̀ wọn sì ti ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́. Oríṣi kìn-ín-ní ni òrùka onídẹ tàbí onírin tí ọ̀pá kan ń yí nínú rẹ̀. Irú èyí wọ́pọ̀ lára àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́. Gíríìsì ni oúnjẹ rẹ̀, nítorí pé irin ni ó ń yọ̀ lórí irin. Bí gíríìsì bá gbẹ, irin yóò máa jẹ irin.

Oríṣi kejì ni búṣì rọ́bà. Òrùka irin kékeré kan wà nínú, òrùka irin ńlá kan wà lóde, rọ́bà sì kún àárín wọn, ó lẹ̀ mọ́ méjèèjì típẹ́típẹ́. Bóòtì tí ó gba inú òrùka kékeré kọjá ń de òrùka náà pa mọ́ ara ọkọ̀, òrùka kékeré kò sì gbọdọ̀ yí rárá. Òrùka ńlá ni ó ń bá apá irin lọ sókè sódò. Èyí ni pé kò sí ohun tí ń yọ̀ níbẹ̀. Rọ́bà náà ni ó ń lọ́ ara rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lójú kan, tí ó wá ń yí ìbàdí rẹ̀ wo ọ̀tún àti òsì.

Awakọ̀ àgbà tí ó ti mọ́ lára láti máa fi gíríìsì sí ọkọ̀ akẹ́rù lè rò pé oore ni òun ń ṣe fún búṣì rọ́bà bí òun bá fi gíríìsì kùn ún. Ìpalára ni. Gíríìsì àti ọ́ìlì máa ń mú kí rọ́bà wú, kí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí omi wọ̀, kí ó sì já nígbẹ̀yìn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún ìjókòó ẹ́ńjìnnì. Bí ọ́ìlì bá ń jò láti ara ẹ́ńjìnnì sí orí rẹ̀, kí wọ́n dí ibi tí ó ń jò kí wọ́n tó fi tuntun sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ àṣedànù ni.

Yàtọ̀ sí ọ́ìlì, ooru ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́, ẹrù àpọ̀jù àti kòtò ojú ọ̀nà ni ó ń pa rọ́bà. Ọjọ́ orí nìkan náà tó láti pa á, ìbáà jẹ́ pé ọkọ̀ náà kì í rìn. Rọ́bà tí ó ti pẹ́ máa ń gan, yóò sì sán. Kí onímọ́tò má ṣe gbà pé rọ́bà ṣì dára nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ kì í jáde ju ọjọ́ ìsinmi lọ.

Bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ pé ó ti kú

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ onímọ́tò ń ṣe tí wọ́n ń ra táyà tuntun léraléra nígbà tí ó jẹ́ pé búṣì ni ó kú. Búṣì tí ó ti kú kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró sí ojú ìlà tí ó yẹ kí ó wà. Táyà yóò máa jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, sítíárìn yóò máa fà sí apá kan, pàápàá nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ owó tí ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ọkọ̀ tí ń sáré ní ojú ọ̀nà márosẹ̀, tí awakọ̀ rẹ̀ sì tẹ bíréèkì lójijì, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú ń yan ibi tí yóò lọ fúnra rẹ̀.

Ní ti ìjókòó ẹ́ńjìnnì, àmì rẹ̀ yàtọ̀. Ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n nígbà tí ó bá dúró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Yóò dún gbì nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra tàbí nígbà tí wọ́n bá fi í sí jíà ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbọ̀n ni ẹ̀bi ìjókòó. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ irú èyí tí ń pa jíà dà fúnra rẹ̀, tí ó ń gbọ̀n púpọ̀ nígbà tí ó wà nínú jíà, tí ìgbọ̀n náà sì dín kù gidigidi nígbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú jíà, ìjókòó ni kí wọ́n fura sí. Bí ó bá ń gbọ̀n bákan náà nígbà méjèèjì, kí wọ́n kọ́kọ́ wo púlọ́ọ̀gì àti ọ̀nà tí epo ń gbà wọlé. Ẹ́ńjìnnì tí ìjókòó rẹ̀ ti já kò sì ní í dá wàhálà rẹ̀ jẹ. Ó lè fa họ́ọ̀sì ya, ó lè sán irin sálẹ́ńsà, ó sì lè mú kí ìyà jẹ àwọn ìjókòó yòókù títí wọn yóò fi tẹ̀lé e.

Àyẹ̀wò rọrùn, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìṣọ́ra. Kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kí ó fa bíréèkì ọwọ́, kí ó sì tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà kí ó fi ọkọ̀ sí jíà, kí ó tẹná díẹ̀. Ẹni tí ń wo ẹ́ńjìnnì gbọdọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́. Kò gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni ní iwájú tàbí ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá fò sókè ní apá kan, ìjókòó apá ibẹ̀ ti já. Ní ti búṣì, kí wọ́n fi ọ̀pá irin gún apá náà jẹ́jẹ́, kí wọ́n wo bí ó ṣe ń mì. Sísán tín-ín-rín ojú rọ́bà kì í ṣe ikú. Ṣùgbọ́n bí rọ́bà bá ti ya wọ inú tàbí tí ó ti bọ́ kúrò lára òrùka irin, àkókò pípààrọ̀ ti dé.

Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ wọn

Ohun àkọ́kọ́ ni ilẹ̀ títẹ́jú, kí wọ́n sì fi òkúta dí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ó kù nílẹ̀. Kò sí ìdí kankan tí ó fi yẹ kí ènìyàn wọ abẹ́ ọkọ̀ tí ó jẹ́ pé jáàkì nìkan ni ó gbé e dúró. Jáàkì wà fún gbígbé sókè ni, kò wà fún ìdúró. Irin ìdúró tí ó lágbára ni kí ọkọ̀ fẹ̀yìn tì kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìjókòó ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tú okùn bátìrì, kí wọ́n fi pákó fífẹ̀ sí orí jáàkì kí irin má bàa dá abẹ́ ẹ́ńjìnnì lu, kí wọ́n wá rọra gbé e títí ìwúwo ẹ́ńjìnnì yóò fi kúrò lórí ìjókòó. Kí wọ́n má ṣe gbé e jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí họ́ọ̀sì àti wáyà má bàa nà já. Kí wọ́n fi tuntun wé ògbólógbòó: ṣé gíga wọn dọ́gba, ṣé ojú bóòtì wọn bára mu? Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fi ọwọ́ yí gbogbo bóòtì wọlé kí wọ́n tó fi sípánà de èyíkéyìí pa, kí ẹ́ńjìnnì lè rí àyè jókòó láìlọ́.

Bí ó bá jẹ́ búṣì, ẹ̀rọ tí ń fi agbára tẹ nǹkan wọlé ni ó yẹ kí wọ́n fi yọ ọ́, kí wọ́n sì fi tẹ tuntun wọlé. Àwọn kan máa ń fi iná sun rọ́bà ògbólógbòó náà kí ó lè tètè bọ́. Èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ooru náà sì lè ba apá irin jẹ́. Òrùka irin òde ni kí wọ́n tẹ̀, kì í ṣe rọ́bà àárín. Bí ó bá le láti wọlé, omi ọṣẹ ni kí wọ́n fi kùn ún, kì í ṣe ọ́ìlì. Bí ihò bá wà nínú rọ́bà náà, ihò náà ní apá ibi tí ó gbọdọ̀ kọjú sí. Kí wọ́n sàmì sí bí ti àtijọ́ ṣe wà kí wọ́n tó yọ ọ́. Bí wọ́n bá sì pààrọ̀ ti ọ̀tún, kí wọ́n pààrọ̀ ti òsì pẹ̀lú, nítorí pé ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́

Èyí tí ó kù ni dídè, níbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ búṣì tuntun ti ń kú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí jáàkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa rọ̀ sílẹ̀, apá irin náà a sì tẹ̀lé e. Bí mẹkáníìkì bá de bóòtì pa ní ipò yìí, ó ti fi òrùka kékeré mọ́lẹ̀ sí ibi tí kì í ṣe ibùgbé rẹ̀. Bí wọ́n bá wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ìwúwo ọkọ̀ yóò ti apá náà sókè, rọ́bà yóò sì ti lọ́ kí ọkọ̀ tó rìn ìṣísẹ̀ kan.

Àpẹẹrẹ ìṣirò kékeré kan yóò fi èyí hàn. Bí apá náà bá rọ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n 20 digíríì ju ibi tí ó yẹ kí ó wà nígbà tí ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀, tí gègèlè ojú ọ̀nà sì tún tì í sókè ní ìwọ̀n 10 digíríì, rọ́bà tí wọ́n dè bí ó ti yẹ yóò lọ́ ní ìwọ̀n 10 péré, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n dè ní òfúrufú yóò lọ́ ní ìwọ̀n 30. Ìlọ́po mẹ́ta ìyà ni ó ń jẹ. Bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ dúró sínú ọgbà ní òru, ìwọ̀n 20 náà ṣì wà lára rọ́bà ọ̀hún. Kò sí ìsinmi fún un. Rọ́bà tí ó dára jù lọ láyé kò lè pẹ́ nínú irú ipò bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì wọlé, kí wọ́n má tíì dè é pa. Kí wọ́n dá táyà padà, kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tì í mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ó lè jókòó, kí wọ́n sì tì í lọ síwájú sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà náà ni kí mẹkáníìkì wọ kòtò iṣẹ́ rẹ̀, kí ó de bóòtì pa nígbà tí ọkọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bí kò bá sí kòtò, kí wọ́n fi jáàkì gbé abẹ́ apá irin náà nítòsí táyà títí ara ọkọ̀ yóò fi fẹ́ẹ̀ kúrò lórí irin ìdúró. Ipò tí apá náà wà nígbà náà súnmọ́ ti ìgbà tí ó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí wọ́n lọ to ẹsẹ̀ ọkọ̀ sí ojú ìlà. Kò bọ́gbọ́n mu kí wọ́n tò ó kí wọ́n tó pààrọ̀ búṣì.

Ìdájọ́

Ta ni ó wá jẹ̀bi? Ẹni tí ń ta ọjà kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi bí ó bá ta rọ́bà tí ó ti gan fún oníbàárà. Yálà ní Ládípọ̀ ní Èkó ni wọ́n ti rà á, tàbí ní Aráròmí ní Agodi Gate ní Ìbàdàn, ó yẹ kí ẹni tí ń rà á fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì wò ó bóyá rọ́bà lẹ̀ mọ́ irin yíká. Rọ́bà tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun lè dára lójú, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ ti lọ. Irin àlòkù ṣe é rà, rọ́bà àlòkù léwu. Ojú ọ̀nà náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, awakọ̀ tí kì í dẹwọ́ eré bí ó bá rí kòtò sì ń bá a pín in. Ṣùgbọ́n bí búṣì tuntun bá kú láàrin oṣù díẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí onímọ́tò bi mẹkáníìkì rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ẹnikẹ́ni: "Ọ̀gá, nígbà tí ẹ de bóòtì yẹn pa, ṣé ilẹ̀ ni ọkọ̀ wà ni, àbí òkè?"

Bí ìdáhùn bá jẹ́ òkè, ìjà ti parí, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe èrú. Àìmọ̀ ni, a sì lè fi ẹ̀kọ́ wò ó sàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ-iṣẹ́ ni ó kọ́ iṣẹ́ lára irin tí ń fẹ́ gíríìsì àti agbára; rọ́bà ń fẹ́ nǹkan mìíràn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko mọ́ ni.